Mo ń tẹ dùùrù, mo ń gba orin sílẹ̀, mo tún ń kọ́ ọmọ: ṣé kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ ni?

Ọ̀dọ́_Onídùùrù kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti rìn jìnnà nínú iṣẹ́ yìí.

Dùùrù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ gítà béèsì, torí ẹni tó ń ta á nínú ẹgbẹ́ wa kì í wá síbi ìfidánrawò déédéé. Ìlù náà, mo lè lù ú títí orin á fi tán láìdà á rú. Nígbà tó ń wù wá láti gbọ́ ohun tí à ń ṣe ni mo ra máíkì kan àti ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà. Kó tó pẹ́, àwọn ẹlòmíì ti ń wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá wọn gba orin tiwọn náà sílẹ̀. Àwọn òbí wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn wá pé kí n kọ́ wọn ní dùùrù. Bó ṣe di iṣẹ́ mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí èyí tí mi ò fẹ́ràn nínú wọn.

Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ló pè mí jókòó láìpẹ́ yìí. Ó ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ń lé mẹ́ta. Ó ní kí n mú ọ̀kan, kí n dì í mú ṣinṣin. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń da ohùn orin oníbàárà pọ̀ lálẹ́, ọkàn mi á máa sọ pé ìdí dùùrù ló yẹ kí n wà. Tí mo bá sì wà nídìí dùùrù, mà á rántí pé iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ọjọ́ ayé yín ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣé ó ṣeé ṣe kéèyàn di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú kó sì mọ̀ ọ́n dunjú? Àbí kí n tètè yan ọ̀kan?

---

ÌyáSítúdíò fèsì pé:

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo tún un kà. Àárín iṣẹ́ mẹ́ta tí o dárúkọ yìí ni mo ti lo ayé mi. Mo ń tẹ dùùrù, mo ń fọn sákísófóònù, mo ń ta béèsì tí wọ́n bá pè mí. Mo ní yàrá tí mo ti ń gba orin sílẹ̀, mo sì ń kọ́ èèyàn. Èsì mi ni pé má fi ìkankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n "má fi sílẹ̀" lásán kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ kò purọ́ fún ọ, ó fẹ́ràn rẹ ló ṣe pè ọ́. Ohun tí èmi rí ni pé etí kan náà ni o fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Etí tó gbọ́ pé kọ́ọ̀dù kan kò bá ohùn olórin mu ni etí tó máa gbọ́ pé béèsì àti ìlù ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń dà wọ́n pọ̀. Òun náà ló máa gbọ́ ibi tí ọmọ tí ò ń kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ohun tó ń da iṣẹ́ rú mọ́ irú wa lọ́wọ́ ni ká jókòó sórí àga kan kí ọkàn wa wà lórí èkejì. Ohun tí o sọ nípa alẹ́ rẹ nìyẹn gan-an.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé irú wa kò sí rí. Les Paul, onígítà ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1915, gítà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń rántí rẹ̀ jù. Ọkùnrin yìí kan náà ló jókòó sínú ilé ara rẹ̀ tó ń to ohùn gítà kan lé òmíràn lórí, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ṣe irú ẹ̀ kò tíì sí lọ́jà. Bó ṣe fẹ́ kí gítà dún ló jẹ́ kó máa wá ọ̀nà tí yóò fi gbà á sílẹ̀. Ní 1948, ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ìgbọ̀nwọ́ náà kò ní lè ká bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ní kí àwọn dókítà tò ó sí ipò tí òun á ṣì fi lè ta gítà. Ní 1957, ilé iṣẹ́ Ampex ṣe ẹ̀rọ kan fún un tó lè gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí téèpù kan. Ó lé ní ẹni 90 ọdún tó ṣì ń jókòó síwájú èèyàn, tó ń ta gítà.

Tom Dowd, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gba orin sílẹ̀, náà ń bẹ. Físíìsì ló kọ́, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Manhattan Project, iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà fi ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì nígbà ogun àgbáyé kejì, bẹ́ẹ̀ ó mọ dùùrù, ó mọ fayolín, ó mọ béèsì ńlá tí wọ́n ń dúró ta. Nígbà tó di ẹnjiníà tó ń gba orin sílẹ̀ ní Atlantic, ilé iṣẹ́ orin kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà pé òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi bọ́tìnì tó ń yọ̀ lọ sókè sódò rọ́pò èyí tí wọ́n ń yí, kí ìka ọwọ́ lè máa darí ohùn tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò rò pé irú èrò bẹ́ẹ̀ máa wá sọ́kàn ẹni tí kò tẹ dùùrù rí.

Wá wo ibi tí orin ti ń ran gbígbà lọ́wọ́. Akọrin kan dúró síwájú máíkì, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn wà létí rẹ̀ méjèèjì, ohùn rẹ̀ sì ń rọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ kíì orin. Ẹnjiníà tí kò kọrin rí á ní kó tún un kọ, á tún ní kó tún un kọ. Ẹni tó ti dúró síbẹ̀ rí á kọ́kọ́ yẹ ohun tó ń wọ etí akọrin náà wò. Ó lè jẹ́ pé béèsì ló pọ̀ jù, tí dùùrù kò tó, tí kò rí ohun tó máa gbé ohùn ara rẹ̀ lé. Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló pariwo jù. Mà á dín in kù, mà á fi dùùrù sí i, mà á ní kó ṣí etí kan sílẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn náà á padà sípò láìjẹ́ pé mo sọ gbólóhùn kan nípa bó ṣe ń kọrin. Akọrin tí o bá sọ fún pé ohùn rẹ̀ ń já, ara rẹ̀ á le, ọ̀fun rẹ̀ á há, iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì dàrú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìdádúró tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn bí ohùn ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó dé etí ẹni tó ń ṣeré. Nínú afẹ́fẹ́ yàrá, ohùn ń rìn tó mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé mítà kan ń gba nǹkan bí 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Tí o bá ṣètò kọ̀ǹpútà sí 256 sample (ìwọ̀n ohùn kéékèèké tó ń kó jọ kó tó rán wọn lọ) ní 48,000 Hz, ìyẹn 48,000 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, o ti fi ìdádúró tó lé ní 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá sí àlọ nìkan, bí ẹni pé ohùn ń ti nǹkan bí mítà méjì wá, kí a tó ka àbọ̀. Onílù máa mọ̀ ọ́n lára. Kò ní lè sọ ohun tó jẹ́, á kàn máa ní ọwọ́ òun wúwo lónìí. Dín in kù sí 64 nígbà tí o bá ń gbà á sílẹ̀, kí o gbé e padà sókè nígbà tí o bá ń da ohùn pọ̀. Ẹni tó ti lu ìlù rí lọ́rọ̀ yìí tètè ń yé.

Ibi tó le jù fún irú wa ni kéèyàn wà lórí àga ẹnjiníà kí ọwọ́ olórin máa yún un. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá gba orin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó gbé gítà tirẹ̀ wá. Apá kan wà nínú orin náà tí ìka rẹ̀ kò tíì mọ̀ dáadáa, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Mo lè gba gítà yẹn kí n sì ta apá náà parí kíá. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló máa wà lára orin náà, òun ló máa ta á níwájú èèyàn lọ́la. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wọ yàrá lọ bá a, mo sún máíkì. Ó wà níwájú ihò gítà tẹ́lẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn jù. Máíkì tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ máa ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀ bó bá ṣe ń sún mọ́ ohun tó ń dún, ìyẹn ló fi ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò. Mo gbé e lọ sí ìdojúkọ irin kejìlá lọ́rùn gítà, mo fà á sẹ́yìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, mo yí ojú rẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ọrùn ti pàdé ara gítà. Mo ní kó ta okùn kan ṣoṣo. Ó ta á, ó gbójú sókè wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń wọ etí rẹ̀ ti wá jọ gítà tó mọ̀. Ó ta okùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mú ẹsẹ̀ ìjókòó rẹ̀ tọ́, a sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé apá tó ń bà á lẹ́rù, kò sá fún un mọ́.

Ìmọ̀ gítà ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń dà á láàmú. Àga ẹnjiníà ló jẹ́ kí n pa ọwọ́ mi mọ́.

Nípa ìkọ́ni, gbé máíkì rẹ lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí mò ń kọ́ ní dùùrù máa ń jẹ́ kí ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún un, ó ti gbọ́, kò yí padà. Mo wá gbé máíkì sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, mo gba orin tó tẹ̀ sílẹ̀, mo ní kó dìde kúrò nídìí dùùrù kó wá jókòó gbọ́ ọ láìfi ọwọ́ kan nǹkan kan. Orin náà kò tíì dé ìdajì tó yíjú sí mi tó bi mí pé, "Orin náà dà?" Ohun tó ń wá ni ti ọwọ́ ọ̀tún. Ó padà sídìí dùùrù láìjẹ́ pé mo ní kó padà, ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dẹtí. Lójú mi, kò sí olùkọ́ tí ẹnu rẹ̀ lè ṣe ohun tí ìṣẹ́jú méjì yẹn ṣe. Láti ìgbà yẹn, tí a bá gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀ tán, akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ìkọ́ni náà á sì dá tìrẹ padà fún ọ. Ọmọ á bi ọ́ léèrè pé kí ló dé tí gítà kan fi tinrín nígbà tí máíkì méjì ń gbọ́ ọ. Wàá ní láti ṣàlàyé pé ohùn kò dé ọ̀dọ̀ wọn lásìkò kan náà, pé ibi tí ìgbì ti lọ sókè nínú ọ̀kan lè jẹ́ ibi tó ti lọ sódò nínú èkejì, tí wọ́n á sì pa ara wọn. Tí akọrin méjì bá dúró pọ̀, tí máíkì kọ̀ọ̀kan sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí ẹnu ẹni tó ni ín, jẹ́ kí máíkì méjèèjì jìnnà sí ara wọn tó 90. Ohun tí o bá ti ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tó sì yé e, ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n ní alẹ́ tí oníbàárà bá ń dúró.

Èyí tí mo fẹ́ kí o mú ní pàtàkì jù ni etí rẹ. Olórin lásán ń lo etí rẹ̀ níbi eré. Ẹnjiníà lásán ń lo tirẹ̀ ní sítúdíò. Ìwọ ń kó ariwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé etí kan ṣoṣo. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, sọ pé ariwo tó bá tó dB 85 (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó), wákàtí 8 ni kéèyàn fara dà á mọ lójúmọ́. Bí ariwo bá ti ń fi dB 3 lé sí i ni àkókò náà ń di ìdajì: 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ 2, 94 jẹ́ 1, tó bá sì dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Onílù tí ò ń kọ́ nínú yàrá kékeré lè kọjá ìyẹn dáadáa. Ra ohun ìdí etí tí wọ́n ṣe fún olórin, èyí tó ń dín ohùn kù láìpa òkè rẹ̀ rẹ́. Má sì jókòó da ohùn pọ̀ lẹ́yìn tí o bá kọ́ onílù tán. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, ti fi hàn pé etí èèyàn kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa nígbà tí ohùn bá kéré, tó sì ń gbọ́ ọ sí i bó ṣe ń pariwo. Tí etí rẹ bá ti rẹ̀, wàá máa fi ohùn kún un kó lè dùn. Tí ẹlòmíì bá wá gbọ́ ọ jẹ́jẹ́ nílé rẹ̀, béèsì á ti sọnù.

Ní tèmi, òwúrọ̀ ni mo fi ń dá orin kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti àwọn ọmọ. Mo ya àwọn ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún gbígba orin sílẹ̀, n kì í kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Owó ẹ̀kọ́ máa ń wọlé déédéé, ti orin gbígbà máa ń wá rẹpẹtẹ kó tún dákẹ́. Èyí tó ń wá déédéé ni mo ń fi jẹun, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ fún oníbàárà pé orin rẹ̀ kò tíì tó jáde.

---

Gítà_Nìkan fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo gbádùn ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, bó tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín.

Èmi fi gbígba orin sílẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, mo mú gítà nìkan, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ní ohun tó ń bèèrè. Ìka tí kò bá kan okùn fún ọ̀sẹ̀ kan á sọ fún ọ, tó bá di oṣù kan á sọ fún gbogbo ènìyàn. Orin tí mò ń ta ń fẹ́ kí ìka ọwọ́ ọ̀tún máa ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àtàǹpàkò gbé béèsì nígbà tí ìka yòókù ń kọrin lókè. Kò sí bí mo ṣe lè rí ìyẹn ṣe lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí, ojú mi ń ta mí, ọkàn mi sì ti kún fún orin ẹlòmíì.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ọ̀dọ́_Onídùùrù ṣe ni pé kó kọ́kọ́ ní ohun kan tó jinlẹ̀. Kì í ṣe pé kó ju ìyókù nù. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́ta yìí, ó yẹ kí ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jí ọ lóru, o lè ṣe é. Ìyá náà kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ: òwúrọ̀ ni wọ́n ń dá orin kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó pè. Orin ló wà nípìlẹ̀.

---

Olùtọ́jú_Téèpù fèsì pé:

Gítà_Nìkan, o kò ṣì í sọ. Àmọ́ èyí tó máa ba orúkọ ẹni tó ń ṣe mẹ́ta jẹ́ kíákíá ni ìwé àti fáìlì, torí kì í sí àyè láti tò wọ́n. Àwọn ohun tí mo ti rí tó ń gba èèyàn là nìyí.

Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde: ta ló kọ orin, ta ló ta gítà, ta ló gbà á sílẹ̀. Tí ìwọ fúnra rẹ bá fi dùùrù sí orin oníbàárà, ẹ jọ sọ ọ́ síta lọ́jọ́ náà bóyá iṣẹ́ ọ̀yà ni tàbí ìpín wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń tú ká. Orin tó bá fẹ́ jáde máa ń ní ISRC, ìyẹn àmì 12 tó dá orin tí a gbà sílẹ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Bèèrè ẹni tó máa lọ gba àmì náà.

Gba orin sílẹ̀ ní 24 bit, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wọn ohùn ní kínníkínní tó, kí o fi àyè sílẹ̀ lókè. Tí ohùn tó ga jù bá wà ní nǹkan bí -12 dB lórí òṣùwọ̀n kọ̀ǹpútà, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin, kò sí ohun tó sọnù, tí akọrin bá sì pariwo lójijì, kò ní fọ́. Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà gbígbà, kò sí oògùn fún un.

Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà níbi mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ má sì sí nínú ilé kan náà. Kí o tó sùn ni kí o ṣe é.

---

Ọ̀dọ́_Onídùùrù kọ pé:

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mà, mo ti gbé máíkì lọ síbi ẹ̀kọ́ dùùrù bẹ́ ẹ ṣe wí. Ọmọkùnrin tí mo kọ́kọ́ ṣe é fún ní kí n jẹ́ kí òun tún gbọ́ ọ, ó tún ní kí n jẹ́ kí òun gbé e lọ fún bàbá òun. Gítà_Nìkan, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Dùùrù ni, mo mọ̀ báyìí. Òwúrọ̀ rẹ̀ á wà lọ́tọ̀.

Mà, ìbéèrè kan ló kù. Lára àwọn tí mò ń kọ́, ọmọbìnrin kan wà tí kò fẹ́ tẹ dùùrù rárá. Àwọn òbí rẹ̀ ló mú un wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń to wáyà, ó máa ń wá dúró tì mí, ó ń bèèrè ohun gbogbo. Ó ní gbígba orin sílẹ̀ ni òun fẹ́ kọ́. Ṣé kí n sọ fún un pé kó kọ́kọ́ mọ dùùrù ni?

---

ÌyáSítúdíò fèsì pé:

Má fi dùùrù dè é o. Kọ́ ọ ní ohun tó ń bèèrè.

Susan Rogers ni ẹnjiníà Prince, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, láti 1983 sí 1987. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé òun kì í ṣe olórin. Títún ẹ̀rọ ṣe ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà sílé ìwé, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń gba orin, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì McGill ní Kánádà, ó sì di olùkọ́ ní Berklee, ilé ẹ̀kọ́ orin ní Boston. Rudy Van Gelder, tó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin jáàsì sílẹ̀ ní New Jersey, iṣẹ́ ojú ló ń ṣe lọ́sàn-án, ó ń yẹ ojú èèyàn wò fún awò. Yàrá àlejò àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack ló ti ń gba orin. Ọdún 1959 ló tó lọ sí Englewood Cliffs, sí ilé tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà. Etí ni àwọn méjèèjì gbé wá, kì í ṣe ìka.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fo orin fúnra rẹ̀. Kò pọn dandan kó tẹ ẹ́, ó pọn dandan kó gbọ́ ọ. Kọ́ ọ láti máa ka ìṣísẹ̀ orin sókè, kó lè mọ ibi tí apá kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni akọrin á ní kó dá òun padà sí. Jẹ́ kó máa kọ ohùn tó gbọ́ lẹ́nu, ì báà jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Fi dùùrù rẹ kọ́ ọ ní nọ́ńbà ohùn: tẹ ohùn tí wọ́n ń pè ní A tó wà láàárín fún un, sọ fún un pé 440 Hz ni, ìyẹn pé ó ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ èyí tó wà lókè rẹ̀, 880, tẹ ti ìsàlẹ̀, 220. Okùn tó nípọn jù lára gítà jẹ́ nǹkan bí 82. Bọ́tìnì tó kéré jù nídìí dùùrù ńlá jẹ́ 27.5, èyí tó ga jù sì lé díẹ̀ ní 4,186. Tó bá ti mọ̀ wọ́n, yóò mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn nígbà tó bá fẹ́ dín ohùn kan kù, kò ní máa yí bọ́tìnì kiri.

Tó bá di ọjọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń bọ̀, pe ọmọ mìíràn tó ń tẹ dùùrù kó wá sí i. Gbé máíkì kan ṣoṣo lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, má sọ ibi tó máa gbé e sí. Kí ọmọ yẹn máa tẹ orin kan náà, kí ọmọbìnrin rẹ máa gbé máíkì kiri inú yàrá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn létí, lórí okùn dùùrù, lẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀, lẹ́bàá ògiri, kó dúró níbi tó bá dùn mọ́ ọn jù. Kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ìwọ gba máíkì, kí o gbé e síbi tí ìwọ náà yàn, kí ẹ gba méjèèjì sílẹ̀, kí ọmọ tó ń tẹ dùùrù sì sọ èyí tó jọ orin òun jù.